Kí Ọmọ Tó Kọ A, B, D: Ẹ Jẹ́ Kó Yàwòrán, Kó Gé Pépà

 

Kíláàsì àwọn àgbà ni mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Yorùbá wa yìí, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá ni mo ti ń ran olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré lọ́wọ́ fún wákàtí kan ní gbogbo Sátidé. Àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6 ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ wọn: "Kí lẹ kọ́ wọn lónìí? Pépà gígé náà ni? Ṣé torí pépà gígé la ṣe wọ bọ́ọ̀sì 177 láti Peckham wá sí Thamesmead Town Centre?"

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi ẹ̀rín dáhùn ẹ̀. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, àkókò wà níbẹ̀, òjò sì lè máa rọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe bi olùkọ́ wa léèrè, mo kàwé nípa ẹ̀, mo sì fara balẹ̀ wo àwọn ọmọ náà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé síbí. Tí mo bá ní kí n gé e kúrú, ìdáhùn mi nìyí: àwòrán yíyà àti pépà gígé kì í gba àyè lọ́wọ́ ìwé kíkọ. Òun gan-an ni ìpìlẹ̀ ìwé kíkọ, pàápàá ìwé kíkọ ní èdè Yorùbá.

Kí ló wà nínú ọwọ́ ọmọdé?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gbogbo wa la mọ ohun tí òwe yẹn ń kọ́ wa nípa ríran ara ẹni lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ọmọdé náà fúnra ẹ̀ ná.

Egungun 27 ló wà nínú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan: 8 ní ọrùn ọwọ́, 5 ní àtẹ́lẹwọ́, 14 nínú àwọn ìka. Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ, àwọn 8 tó wà ní ọrùn ọwọ́ yẹn ò tíì di egungun líle. Ohun rírọ̀ ni wọ́n ṣì jẹ́, irú èyí tó wà létí wa, tá a lè tẹ̀ wálẹ̀ kó sì tún dìde padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń le bí ọmọ ṣe ń dàgbà, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kì í sì í sábà hàn nínú àwòrán X-ray títí ọmọ á fi tó nǹkan bí ọdún 9 sí 12. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ ọmọ ọdún 4 kì í ṣe ọwọ́ àgbà tó kàn kéré. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni, bí ilé tí wọn ò tíì kàn lórùlé.

Ẹ ṣe èyí wò: ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún yín mú nísàlẹ̀ ìgúnpá, kẹ́ ẹ wá máa mi ìka ọ̀tún yín. Ṣé ẹ rí i pé ẹran apá ló ń mì? Púpọ̀ nínú agbára tó ń ká ìka wa, apá ló ti ń wá, iṣan sì ń fà á bí okùn. Àwọn ẹran kéékèèké tó wà nínú àtẹ́lẹwọ́ ló wá ń darí ìka sí ibi tó yẹ kó lọ gẹ́lẹ́. Àwọn kéékèèké yìí ló nílò eré ìdárayá. Eré ìdárayá wọn kì í ṣe bọ́ọ̀lù o. Fífún nǹkan, fífà á ya, gígé e, mímọ ọ́n, yíyà á: eré tiwọn nìyẹn.

Agbára ọmọ máa ń ti èjìká wá sí ìgúnpá, kó tó dé ọrùn ọwọ́, kó tó wá dé ìka. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ fi máa ń fi ìkúùkù di kíréyọ́ọ̀nù mú, tí gbogbo apá ẹ̀ á sì máa lọ síwá sẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 2 sí 3, á dojú àtẹ́lẹwọ́ kọlẹ̀, ìka á sì na sórí pẹ́ńsù. Láàárín ọdún 3 àtààbọ̀ sí 4, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín dì í mú, ṣùgbọ́n gbogbo ọwọ́ ló ṣì máa ń gbé. Ó di nǹkan bí ọdún 4 àtààbọ̀ sí 6 kí ìka mẹ́ta yẹn tó máa rìn fúnra wọn, tí ọwọ́ yòókù á jókòó jẹ́jẹ́ sórí pépà. Àwọn ọmọ ò dọ́gba, ọmọ kan lè yá, òmíràn lè pẹ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn.

A ló ṣáájú nínú álífábẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò ṣáájú lọ́wọ́

Bí dídi pẹ́ńsù mú ṣe ní ìpele, bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán ní. Ọmọ tó tó ọdún 2 lè fara wé ìlà òòró. Nígbà tó bá fi máa tó ọdún 3, á lè ya òbíríkítí. Ní nǹkan bí ọdún 4, á lè ya àmì àròpọ̀ (+). Onígun mẹ́rin máa ń tẹ̀ lé e láàárín ọdún 4 sí 5. Onígun mẹ́ta ló máa ń kẹ́yìn, tó bá tó ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí onígun mẹ́ta fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Torí ìlà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́kan ni. Kí ọmọ fa ìlà sísàlẹ̀ ò le. Kó fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ò le. Àmọ́ kó máa lọ sísàlẹ̀ kó sì tún máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ńlá ni fún ojú àti ọwọ́.

Ẹ wá wo lẹ́tà àkọ́kọ́ tá a máa ń fún ọmọ: A. Ìlà méjì tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló wà nínú ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pàdé lókè! Lẹ́tà tó ṣáájú nínú orin A, B, D ló wà lára àwọn tó le jù fún ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ wa fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú I, L, T àti O. Ọmọ tó bá mọ ìlà òòró, ìlà ìbú àti òbíríkítí ti lè kọ wọn. K, Y àti W á dúró díẹ̀.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Rhoda Kellogg, tó kó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àwòrán ọmọdé jọ, tó sì gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 1969. Nínú rúdurùdu tí ọmọdé ń ya, ó ka oríṣi ìlà 20, ó sì ní àwọn ni òkúta ìpìlẹ̀ gbogbo àwòrán tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Torí náà, tí ọmọ ọdún 2 bá ya ohun tó jọ ìtàkùn tó lọ́ mọ́ra sí ẹ̀yìn ìwé iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ má wulẹ̀ ní "Kí lo bàjẹ́ báyìí?" Ó ń kó òkúta jọ ni.

Ní tiwa níbí, ilé aago tó wà létí omi ní Town Centre jẹ́ ohun tó dáa láti yà. Deptford ni ilé aago yẹn ti wá, láti ọgbà tí ìjọba ti máa ń kan ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n tó gbé e wá sí Thamesmead. Ọmọ ọdún 3 á ya ìlà gígùn kan àti òbíríkítí kan fún aago, á ní òun ti parí. Ọmọ ọdún 5 á ya ògiri onígun mẹ́rin, á fi òrùlé sí i. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì rí, ọwọ́ wọn ni ò tíì dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá tọ́jú àwòrán yẹn, tẹ́ ẹ kọ déètì sẹ́yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ sì ní kó tún un yà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin fúnra yín á rí bí ìka ṣe ń dàgbà.

Ọpọlọ àbí ọ̀pọ̀lọ́?

Ibi tó kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an la dé yìí. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Mẹ́ta nínú wọn, ẹ, ọ àti ṣ, ló ní àmì nísàlẹ̀. Àmì ohùn tún wà lókè: dò máa ń wálẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, mí máa ń gòkè. Àwọn àmì méjèèjì yìí, ìlà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n, irú ìlà tó le jù fún ọmọdé. Wọ́n sì kéré ju lẹ́tà fúnra ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ ọ̀pọ̀lọ́, ẹranko tó máa ń fò lẹ́bàá omi. Lẹ́tà márùn-ún ni, àmọ́ àmì mẹ́fà ló wà lára ẹ̀: mẹ́ta nísàlẹ̀, mẹ́ta lókè. Tí ọmọ bá gbàgbé àwọn tòkè, ó ti di ọpọlọ nìyẹn, tó wà nínú orí. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ náà ńkọ́? Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ tá a wọ̀ wá síbí, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Àmì tín-ín-tìn-ìn-tín ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó kàn ní kó fi ẹ̀kán sórí i àti j, ó tán.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọ ọdún 5 tí ìka ẹ̀ ò tíì lágbára. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ ni òun fẹ́ kọ, ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀ létí, àmọ́ àmì ìsàlẹ̀ bọ́ sórí ìlà kejì, àmì òkè dà bí ẹ̀kán òjò. Ọwọ́ ẹ̀ ti ń dùn ún. Kò ní sọ pé "ìka mi ò tíì lágbára". Ohun tó máa sọ ni pé "Yorùbá le", tàbí "mi ò mọ Yorùbá." Mo ti gbọ́ ọ ní kíláàsì wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ara ẹ̀ ní ọdún 5, ó lè má fẹ́ wá mọ́ tó bá di ọdún 8. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mọ àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò sí lára wa mọ́. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ pépà gígé yìí nìyẹn. Èdè lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ torí pé ọwọ́ ẹ̀ ò tíì gbó.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó máa ń fi ọwọ́ pa mọ́ sábẹ́ tábìlì tá a bá ti kó pẹ́ńsù jáde. Olùkọ́ ò fi pẹ́ńsù lé e lọ́wọ́. Pépà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fún un pé kó máa gé wẹ́wẹ́, kó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán ẹja bí ìpẹ́. Ẹja yẹn gbà á ní Sátidé mẹ́ta. Kó tó di òpin sáà, ó kọ orúkọ ara ẹ̀ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ méjì tó wà nínú ẹ̀, ó sì gbé e lọ fi han bàbá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò sọ pé pépà nìkan ló ṣe é o, torí ó ti dàgbà sí i. Àmọ́ kò sá fún tábìlì mọ́.

Ohun tí àlùmọ́gàjí ń kọ́ ọwọ́

Àlùmọ́gàjí làwọn àgbà ń pè é, sísọ́ọ̀sì lọ̀pọ̀ wa ń pè é. Nílé ọ̀pọ̀ wa, ohun tí ọmọdé ń gbọ́ nípa ẹ̀ ni "Gbé e sílẹ̀!" Ẹ̀rù yẹn tọ́. Àmọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà tí ohun ìṣeré púpọ̀ ò lè ṣe.

Àkọ́kọ́, ṣíṣí i àti pípa á dé ń fún àwọn ẹran kéékèèké inú àtẹ́lẹwọ́ lágbára. Èkejì, ó ń pín ọwọ́ sí méjì: àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ń ṣiṣẹ́, ọmọńdinrín àti ìkejì ẹ̀ ká jókòó. Irú ìpín yẹn gan-an la fi ń di pẹ́ńsù mú. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ kan ń gé, ọwọ́ kejì ń yí pépà, ojú sì ń darí àwọn méjèèjì. Fífi ìka fa fóònù tàbí tablet ò béèrè èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí wọ́n ṣe ń dì í mú: àtàǹpàkò wà lókè, nínú ihò kan. Ìka àárín wọ ihò kejì, ìka ìfábẹ̀lá dúró síta láti máa darí ẹ̀. Ìgúnpá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá rí i pé àtàǹpàkò ti dojú kọlẹ̀, ẹ rọra yí i padà. Tí ọmọ bá ń gé òbíríkítí, pépà ni kó máa yí, kì í ṣe apá.

Ìlànà tá a ń tẹ̀ lé ní kíláàsì ò pọ̀. Àlùmọ́gàjí ọmọdé tí ṣóńṣó ẹ̀ rí róbótó la ń lò, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gé pépà dáadáa. Èyí tí ẹnu ẹ̀ ò mú rárá máa ń bí ọmọ nínú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá ṣe é, ibẹ̀ ni ewu wà. Orí ìjókòó la ti ń gé nǹkan. A kì í gbé e rìn kiri. Tá a bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì, a ó pa á dé, a ó di ibi tó mú mọ́ ọwọ́, a ó sì na ibi ihò sí i. Pépà nìkan là ń gé, a kì í gé irun, a kì í gé aṣọ. Àgbàlagbà sì gbọ́dọ̀ wà níjòókòó pẹ̀lú wọn.

Ọwọ́ òsì ńkọ́?

Nínú ènìyàn mẹ́wàá, nǹkan bí ẹnì kan ló máa ń lo ọwọ́ òsì. Àbúrò mi wà lára wọn. Nígbà tí màmá wa àgbà rí i lórí fóònù níbi tó ti ń fi òsì ya nǹkan, wọ́n ní "Ọwọ́ òsì kẹ̀!" Ó yé mi. Nílé Yorùbá, a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, èmi náà ò sì ní ṣe é. Àmọ́ ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù yàtọ̀. Ọmọ ò fi àfojúdi yan ọwọ́ tó máa lò, bí ara ẹ̀ ṣe rí ni. Tá a bá fi dandan yí i, ọwọ́ tí kò já fáfá là ń fi iṣẹ́ tó gba fínnífínní lé lọ́wọ́.

Àdéhùn tá a ṣe nílé wa nìyí: ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òsì ló fi ń kọ̀wé, tó fi ń gé nǹkan. Màmá àgbà ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lo òsì, ẹ bá a ra àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ òsì. Kì í ṣe fáàrí. Lára ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, bí ọ̀tún ṣe ń fún un ló ń jẹ́ kí irin méjèèjì súnra mọ́ra. Tí òsì bá fún un, irin á ya ara wọn, pépà á ká sáàárín, irin sì máa bo ìlà tó fẹ́ gé mọ́ ọn lójú. Àwọn èèyàn á ní ọmọ ò mọ nǹkan í gé, irinṣẹ́ ló fa wàhálà. Ohun mìíràn tún nìyí: tí wọ́n bá ń gé òbíríkítí, ọlọ́wọ́ òsì á máa lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, ọlọ́wọ́ ọ̀tún á máa lọ ní òdìkejì ẹ̀.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa

Àwọn kan lè rò pé oyìnbó ló mú eré pépà wá. Ẹ jẹ́ ká wo ilé ná. Ẹní bá bó ẹ̀gúsí rí mọ̀ pé ìka méjì ló ń ṣe é, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì nílò agbára tó ṣe wẹ́kú: tó bá pọ̀ jù, á fọ́, tó bá kéré jù, kò ní ṣí. Nínú ọpọ́n ayò, ihò 12 ló wà, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta á á kó ọmọ ayò sí àtẹ́lẹwọ́, á sì máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde wá sí orí ìka láti jù ú sílẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún 5, ẹ máa rí bó ṣe le tó, ẹ sì máa rí bó ṣe máa tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ní Ìbàdàn, àwọn obìnrin máa ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹyọ ìgbálẹ̀ ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Nínú aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà níbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, páànù ni wọ́n máa ń gé ọnà sí lára, tí wọ́n á wá fi ẹ̀kọ gba ojú ihò náà sórí aṣọ. Àwòrán yíyà àti gígé náà nìyẹn. Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní 1951, tí ilé àwòrán ẹ̀ ní Lẹ́kí lókìkí káàkiri ayé, kékeré ló ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá ilé wọn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn tó ronú lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé ní ilẹ̀ Yúróòpù náà dé ibẹ̀. Friedrich Froebel ní Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní 1837, fi pépà kíká, pépà gígé àti àwòrán sínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn. Ní Deptford níbi tí ilé aago wa ti wá, Rachel àti Margaret McMillan ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé ojú gbangba ní 1914 fún àwọn ọmọ tálákà. Lónìí, nínú ìlànà tí ìjọba ilẹ̀ England fi lélẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń retí nígbà tí ọmọ bá fi máa parí Reception ni pé kó lè di pẹ́ńsù mú dáadáa, kó lè lo àlùmọ́gàjí, búrọ́ọ̀ṣì àti ṣíbí, kó sì máa fara balẹ̀ yàwòrán. Nítorí náà, ohun tá a ń ṣe ní Sátidé ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní Mọ́ńdè pẹ̀lú.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Kò gba owó. Ìwé ìpolówó pizza tí wọ́n ń jù sẹ́nu ọ̀nà wa, páálí kọnfúléèsì, páálí tẹ́ ẹ kó ẹrù sí láti Morrisons, gbogbo ẹ̀ ló wúlò. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

1. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ fa pépà ya. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ló máa ṣe é, ọwọ́ méjèèjì á sì kọ́ láti lọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

2. Tó bá tó bí ọdún 2 àtààbọ̀ sí 3, ẹ gé páálí fẹ́lẹ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́, kó fẹ̀ bí ìka méjì, kí ọmọ máa gé e já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Páálí fẹ́lẹ́ rọrùn ju pépà lẹ́búlẹ́bú lọ, torí kì í ká.

3. Nígbà tó bá ń lọ sí ọdún 4, ẹ fi máákà ya ìlà gbọọrọ, kó nípọn. Ẹ pè é ní ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Kó má kúrò lójú títì.

4. Lẹ́yìn náà, ìlà wọ́gọwọ̀gọ, kó tó wá kan ejò tó ká bí òrùka. Tó bá gé ejò náà tán, ẹ so ó kọ́, á máa yí.

5. Fìlà abetí ajá: etí méjèèjì ẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta. Ọmọ ọdún 5 tàbí 6 á gé e, á fi kíréyọ́ọ̀nù ya ọnà sí i, á sì dé e.

6. Ìgbín: ayàwòrán ará Faransé, Henri Matisse, ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá kan ní 1941, àtidúró fún wákàtí púpọ̀ wá ṣòro fún un. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó ń gé pépà aláwọ̀. Ní 1953 ó ṣe ọ̀kan tó pè ní Ìgbín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó mítà 3 lóròó àti níbùú, Tate ló sì ni ín níbí ní London. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gé pépà aláwọ̀ oríṣiríṣi, kó tò ó yípo bí ìkarahun ìgbín. Kò sí bó ṣe tò ó tí kò ní dáa.

Fún àwòrán, ẹ ṣẹ́ kíréyọ́ọ̀nù sí kúkúrú. Ọwọ́ ò ní ráyè di ìkúùkù mọ́, ìka mẹ́ta nìkan ló máa gbà. Ẹ lẹ pépà mọ́ ara ògiri tàbí fíríìjì nígbà míì, torí yíyà á níbi tó dúró sí ń fún èjìká àti ọrùn ọwọ́ lágbára. Tí oòrùn bá ràn, ẹ fún wọn ní ṣọ́ọ̀kì kí wọ́n ya sùwé sílẹ̀ níta. Nínú ilé ìdáná, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣa ẹ̀wà. Kẹ́ ẹ ṣáà máa wo àwọn tí ò tíì pé ọdún 3, kí wọ́n má fi ẹ̀wà tàbí ọmọ ayò sẹ́nu tàbí sí imú.

Ẹ má dákẹ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe é o. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́: gé e, ká a, yí i, lẹ̀ ẹ́, fà á. Òkè, ìsàlẹ̀, àárín, ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ọmọ gbọ́ lásìkò tí ọwọ́ ẹ̀ ń ṣe é, kì í gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo rí i ní kíláàsì pé ọmọ tí kì í dá wa lóhùn ní Yorùbá máa ń sọ "Mo ti gé e!" kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè

Kì í ṣe gbogbo ìdádúró ni ìṣòro. Àmọ́ tí ọmọ ọdún 5 ò bá lè lo ṣíbí dáadáa, tó ń sá fún gbogbo iṣẹ́ ọwọ́, tí ọwọ́ ẹ̀ ń tètè rẹ̀ ẹ́, tàbí tó ti ń ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe é mọ́, ẹ bá olùkọ́ ẹ̀ tàbí dókítà sọ̀rọ̀. Ti ẹni tí ò lè ṣe ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́ yẹn, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Health visitor máa ń wo ọmọ nígbà tó bá wà láàárín ọdún 2 sí 2 àtààbọ̀, wọ́n sì máa ń bèèrè nípa iṣẹ́ ìka. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ rí occupational therapist, ẹni tó mọ̀ nípa irú nǹkan yìí. Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi orúkọ búburú kan ọmọ àwọn. Bíbéèrè ò sọ ọmọ di aláìsàn. Ó kàn ń jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ tètè dé ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tẹ́ ẹ bá ní àbúrò nílé, ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Ẹ má bá a gé e, ẹ kàn bá a di pépà mú. Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá tún bi wá lẹ́nu ọ̀nà pé kí la kọ́ wọn lónìí, tí ọmọ yín bá na ejò pépà kan sí yín, ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe gé e?" Ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá dáhùn.

Páálí fẹ́lẹ́ ti ń tán ní kíláàsì àwọn kékeré o. Ẹni tó bá ní páálí kọnfúléèsì, ẹ má jù ú nù, ẹ bá wa mú un bọ̀ ní Sátidé.